Wúfà mọ́tò di wúfà pálọ̀: bí mo ṣe kan àpótí rẹ̀

Nígbà tí mo ta mọ́tò mi, mo yọ wúfà inú búùtù rẹ̀, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé béèsì (ohùn ìsàlẹ̀) jáde, kí ẹni tó rà á tó wá gbé e. Oní-íǹṣì 12 ni, òòfà ẹ̀yìn rẹ̀ wúwo bí ọmọ ọlọ, rọ́bà etí kónù rẹ̀ (ojú rẹ̀ tó ń gbọ̀n) kò sì tíì sán níbì kankan. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà fún bí oṣù mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ ló jẹ́ kí n fà á jáde. Wọ́n ń gbọ́ àpàlà láti inú sípíkà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ni wọ́n bá dá orin dúró. Wọ́n ní, "Orin yìí kò ní ikùn. Àgídìgbo wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, àmọ́ etí mi kò bá a."

Ẹni tó bá ti jókòó ti àgídìgbo rí á mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àpótí pákó ni, irin pẹlẹbẹ mélòó kan ló wà lójú rẹ̀ tí wọ́n ń fi ìka ta, afẹ́fẹ́ inú àpótí náà ló ń sọ ohùn irin tín-ín-rín di ohùn ńlá. Òun ló wà lọ́kàn mi ní gbogbo ìgbà tí mò ń kan tèmi.

Àpótí tí wúfà náà wà nínú mọ́tò ni mo kọ́kọ́ gbé wọ pálọ̀, ọ̀kan oníkápẹ́ẹ̀tì dúdú tó ní ihò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán nìyẹn. Ohun tó jáde kì í ṣe béèsì, ohùn kan ṣoṣo ni: dùùm, dùùm, lórí orin gbogbo. Gìtá ì báà máa gòkè, ìlù ì báà máa sọ̀kalẹ̀, dùùm kan náà ni. Mo wá fi áàpù orí fóònù tó ń dún ní iye Hz tí èèyàn bá fẹ́ dán an wò. (Hz ni iye ìgbà tí kónù ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.) Ní 30, èémí lásán ni mo gbọ́ lẹ́nu ihò. Ní 40, díẹ̀. Bí mo ṣe dé nǹkan bí 50, gíláàsì fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, férémù àwòrán kan sì yẹ̀ lára ògiri. Nígbà tí mo fi máa dé 65, ohùn náà ti rọlẹ̀.

Àpótí yẹn kò burú. Inú mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà. Wúfà mọ́tò kì í ṣe ẹ̀yà ọ̀tọ̀. Kónù ni, kọ́ìlì (wáyà tí wọ́n ká sídìí kónù) ni, òòfà ni, bíi ti ilé. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Ìgbì ohùn 40 Hz kan gùn ju mítà mẹ́jọ ààbọ̀ lọ, inú mọ́tò kò sì ju mítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ìgbì náà kò ríbi na ẹsẹ̀ sí. Ńṣe ni kónù kàn ń fún afẹ́fẹ́ inú mọ́tò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn ń fi páǹpù fún táyà ní afẹ́fẹ́. Láti nǹkan bí 60 Hz lọ sísàlẹ̀, bí ohùn bá ṣe ń jìn sí i ni mọ́tò fúnra rẹ̀ ń fi kún un, ó lè tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 (òun la fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó) ní gbogbo ìgbà tí iye Hz bá já sí ìdajì. Nítorí náà, ẹni tó kan àpótí mọ́tò lè fi ohùn tó jìn gan-an sílẹ̀, mọ́tò á parí ẹ̀ fún un. Pálọ̀ bàbá mi kò ní parí nǹkan kan fún mi. Àpótí tuntun ni mo nílò, èyí tí mo bá ti ìdí wúfà náà ṣírò.

Ìwé pélébé tó bá a wá láti inú páálí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nọ́ńbà mẹ́ta ni mo wá lọ síbẹ̀: Fs 28 Hz, Qts 0.50, Vas lítà 55. Neville Thiele, ará Ọsirélíà, ló gbé ọgbọ́n àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí jáde ní 1961, Richard Small sì fẹ̀ ẹ́ lójú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Tọkàntọkàn ni mo fi ń kí àwọn méjèèjì, nítorí kò sí pé à ń kan àpótí, à ń tú u, à ń tún un kàn mọ́. Fs ni ibi tí kónù fẹ́ràn láti máa gbọ̀n bí kò bá sí nínú àpótí kankan. Vas ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó le bákan náà pẹ̀lú rọ́bà àti aṣọ tó gbé kónù dání. Qts ń sọ bí wúfà ṣe lè kó ara rẹ̀ níjàánu tó lẹ́yìn tí béèsì bá ti gbá a.

Bí a bá dé wúfà mọ́nú àpótí tí kò ní ihò, afẹ́fẹ́ inú àpótí di sípíríǹgì kejì. Bí mo bá fún tèmi ní lítà 55, sípíríǹgì afẹ́fẹ́ náà le bíi ti rọ́bà rẹ̀ gẹ́lẹ́, líle rẹ̀ di ìlọ́po méjì, Fs àti Qts á sì lọ sókè ní ìlọ́po 1.41. 28 á di nǹkan bí 40 Hz, 0.50 á di 0.707. Iye 0.707 yẹn ni àwọn oníṣẹ́ sípíkà ń wá kiri: ohùn á tẹ́ pẹrẹsẹ títí á fi dé ìsàlẹ̀, kò ní wú, kò sì ní yára rù. Mo ṣírò lítà 25 náà wò, torí ìyá mi ti ń sọ pé kí n má gbé àpótí ìsìnkú wọ pálọ̀ àwọn. Ó fún mi ní 50 Hz àti 0.89, ìyẹn ni pé á kéré lójú, á sì wú létí. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì ń gbọ̀n ní 41 Hz. Mi ò lè fi okùn yẹn ṣòfò nítorí àyè ilẹ̀. Mo bẹ ìyá mi, wọ́n gbà.

Mi ò fi ihò sí tuntun yìí. Àpótí oníhò ń dún kíkankíkan ju onídìídé lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe díẹ̀ nínú gígùn ihò náà, dùùm yẹn á tún padà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà. Mo ra MDF (pákó tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀) odindi kan, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, oní-mìlímítà 18. Ẹni tó bá ń gbé níbi tí omi òjò ti ń wọlé, puláíwúùdù dáa fún un ju èyí lọ, torí MDF tó bá mu omi á wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Ṣùgbọ́n ó wúwo, kò ní ihò ikùn, kò sì máa ń gbọ̀n lọ́nà òmùgọ̀. Mo gbé ìwé ìwọ̀n mi fún ọ̀gá tó ń gé pákó. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, mìlímítà kẹ̀? Àpótí owó ni ẹ fẹ́ kàn ni?" Mo ní, "Sípíkà ni, ọ̀gá. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ojú kan ṣoṣo jáde, iṣẹ́ ti bàjẹ́." Wọ́n bá dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n fi ìka hàn mí pé ẹnu ayùn náà ń jẹ mìlímítà mẹ́ta ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá, pé bí mo ṣe to ìwọ̀n mi sórí pátákó náà, èyí tó kẹ́yìn á kéré. Inú mi dùn gan-an pé wọ́n sọ. A tún un tò.

Ojú iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 43.6 sí 43.6. Òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ 43.6 sí 38, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ 40 sí 38. Inú rẹ̀ wá jẹ́ 40 sí 40 sí 38, ìyẹn lítà 60 àti ẹ̀sún. Ó jọ pé ó pọ̀ jù, àmọ́ nǹkan tó máa jẹ nínú rẹ̀ pọ̀: mo fi pátákó kejì sẹ́yìn ojú iwájú kó lè gba ìwúwo wúfà, òun nìkan gba nǹkan bíi lítà 1.8, òòfà àti irin wúfà gba lítà méjì àti díẹ̀, igi ìtìlẹ̀ tí mo fi dábùú inú gba lítà kan ààbọ̀. Ohun tó ṣẹ́kù kọjá 55 díẹ̀. Àwọn tó ń wọn ìta àpótí tí wọ́n sì ń pè é ní lítà inú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọnù.

Mo ba pátákó kan jẹ́. Mo fi tépù wọn ẹnu wúfà láti etí dé etí, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 31.5, mo fa ìlà rẹ̀ roboto sórí pátákó inú, mo sì fi ayùn oníná gé e tán pátápátá kí n tó gbé wúfà lé e. Ó gba inú rẹ̀ kọjá lọ, etí rẹ̀ kò ríbi gúnlẹ̀ sí. Etí yẹn ló yẹ kó jókòó sórí pákó. Ihò kò gbọ́dọ̀ ju 28 lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé MDF tó ṣẹ́kù pọ̀. Mo gé òmíràn, mo sì fi fáìlì fá ẹ̀yìn ihò náà dagun kí kónù lè mí.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo fi lẹ̀ ẹ́, mo sì fi súkúrù fún un mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ fi dírìlì tẹ́ẹ́rẹ́ lu ọ̀nà fún súkúrù kọ̀ọ̀kan o. Ẹ̀gbẹ́ MDF dà bí ìwé tí wọ́n tò jọ, súkúrù tó bá wọ̀ ọ́ lójijì á là á sí méjì. Mo fi ìka fa gọ́ọ̀mù sí gbogbo igun inú, mo jẹ́ kó sun ọjọ́ kan, mo tún fa ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí gọ́ọ̀mù ń gbẹ, mo kojú ọ̀rọ̀ iná. Ámpílífáyà mọ́tò, ẹ̀rọ tó ń fún wúfà lágbára, ṣì wà lọ́wọ́ mi, fóòtì 12 ló sì ń jẹ. Mo mú páwà kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan, mo so wáyà aláwọ̀ ewé rẹ̀ mọ́ dúdú kó lè tàn, mo gba fóòtì 12 lára wáyà yẹ́lò. Ní ohùn jẹ́jẹ́, ó ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe gbé e sókè báyìí, béèsì gbá lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ kú. Mo pa á, mo tún un tàn, bákan náà ni. Ohun tí wọ́n kọ sára páwà náà ni ámpíà 18 lórí fóòtì 12, ìyẹn wáàtì 216 péré, bẹ́ẹ̀ fíúsì oní-ámpíà 30 méjì ló wà lẹ́yìn ámpílífáyà. Páwà náà ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni, mi ò lè bá a jà. Ẹnìkan ní kí n so ó mọ́ bátìrì ínfátà ilé. Mo kọ̀. Bátìrì yẹn ló ń gbé fáànù bàbá mi títí ilẹ̀ fi ń mọ́ bí NEPA bá mú iná lọ.

Ámpílífáyà ilé ni mo padà lò, ti àtijọ́ kan tó wà nílé, wáàtì 100 sórí óòmù 8 (óòmù la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Àwọn kan á ní wáàtì 100 kò lè gbé wúfà mọ́tò, pé 500 ló ń jẹ. Ìwé wúfà náà ní wáàtì kan á dún tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 86 ní ìwọ̀n mítà kan. Wáàtì 100 á fi 20 lé e, ó di 106. Nínú pálọ̀ kan, ta ló fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Óòmù ló yẹ kí èèyàn ṣọ́ra fún. Kọ́ìlì méjì ni wúfà yìí ní, óòmù 4 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, óòmù 2 ni, ámpílífáyà ilé á gbóná títí á fi jó. Bí mo bá tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn, 8 ni, èyí tó fẹ́ gan-an. Mo kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n wọ́n: 3.5 àti 3.4. Kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni, iná tààrà ni mítà fi ń wọn nǹkan, ó máa ń kéré sí ohun tí wọ́n kọ sára wúfà. Lẹ́yìn náà mo mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, fóòtì 1.5, mo fi orí rẹ̀ kan àmì ìròpọ̀ kọ́ìlì kìíní, ìdí rẹ̀ kan àmì ìyọkúrò. Kónù yọ síta fẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ojú sókè. Mo ṣe bákan náà fún kọ́ìlì kejì: ó tún yọ síta. Bí ọ̀kan bá wọlé tí èkejì jáde, àwọn méjèèjì á máa fa ara wọn ni, wúfà á kàn dákẹ́ tí á sì máa gbóná. Wáyà ámpílífáyà lọ sí ìròpọ̀ ti kìíní, ìyọkúrò ti kìíní lọ sí ìròpọ̀ ti kejì, ìyọkúrò ti kejì padà sí ámpílífáyà. Mo fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo ẹ̀, mi ò lọ́ wáyà mọ́ wáyà lásán, torí gbígbọ̀n inú àpótí á tú u.

Mo fọ́n òwú ìrọ̀rí àtijọ́ kan sínú àpótí, mo gbé wúfà lé e, mo fi bóòtù mẹ́jọ dè é. Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti kónù wọlé jẹ́jẹ́, mo dì í mú díẹ̀, mo sì tú u sílẹ̀. Nínú àpótí tó dí, ó yẹ kó ta padà lójú ẹsẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tí mo fún pọ̀ á tì í. Tèmi padà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni jí lójú oorun. Afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Mo fi 30 Hz sí i, mo gbọ́ ohùn kan, fìì, fìì, fìì, àmọ́ etí kò lè sọ ibi tó ti ń wá. Mo bá tanná ran oògùn ẹ̀fọn, mo pa fáànù, mo ti fèrèsé, mo sì ń gbé èéfín náà káàkiri ojú gbogbo ìdè àpótí náà. Èéfín dúró ṣánṣán bí okùn ní igun mẹ́rin iwájú. Ó dúró ṣánṣán lábẹ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, níbi tí wáyà gbà wọlé, okùn èéfín náà ṣẹ́, ó ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wẹ́lẹ́ kan fún fìì kan. Ihò náà kò tó orí ìṣáná. Mo yọ wúfà, mo fi sílíkónì dí i tinú tòde, mi ò sì dá wúfà padà àfi ọjọ́ kejì tí òórùn kíkan sílíkónì ti lọ. Nígbà tí mo tún ti kónù wọlé tí mo tú u sílẹ̀, ó ta padà lójú ẹsẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú yàrá.

Ẹ̀rọ asẹ́ kékeré kan tí mo rà ní Ògùnpa ló ń sẹ́ ohùn òkè kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ ámpílífáyà. Mo fi í sí 80 Hz. Bí mo bá gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn akọrin láti inú wúfà, etí á sì mọ pé àpótí kan ń sọ̀rọ̀ nígun yàrá.

Mo gbé e sí igun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, torí igun máa ń ti béèsì lẹ́yìn. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 20, èmi àti àbúrò mi la jọ gbé e. Mo tan orin. Ní ẹnu ọ̀nà, béèsì kún. Lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn, ó kún. Ní orí àga bàbá mi, kò sí. Mo jókòó síbẹ̀, mo dìde, mo tún jókòó, ó ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Pálọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14, tó jẹ́ mítà 4.27. Gígùn yẹn jẹ́ ìdajì ìgbì ohùn 40 Hz gẹ́lẹ́, àga náà sì wà láàárín méjì gbọnrangandan, níbi tí ìgbì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ láti ògiri ti ń pa ara wọn rẹ́. Kò sí wáàtì tó lè tún ìyẹn ṣe. Àga ló gbọ́dọ̀ ṣí.

Ọdún mọ́kànlá ni àga yẹn ti wà lójú kan. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ bàtà méjì ààbọ̀ péré ni mo fẹ́ sún àga yín sẹ́yìn." Wọ́n ní ṣé orin ló ń lé àwọn lórí àga. Mo ní kí wọ́n kàn dìde, kí wọ́n rìn lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí orin ṣe ń lọ, kí wọ́n dúró níbi tó bá dùn mọ́ wọn. Wọ́n dìde. Ìṣísẹ̀ kan, ìkejì, wọ́n dúró. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn nawọ́ sí ilẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí, pé ká gbé àga wá. Orin náà parí, wọ́n ní ká dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì dé ibi tí àgídìgbo ti ń dá nìkan rìn, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ta apá àga tẹ̀lé e.

Ó ku díẹ̀. Mi ò tíì kùn ún. Mo ti fi gọ́ọ̀mù tí mo pò mọ́ omi pa etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí etí MDF ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Aṣọ iwájú náà kò tíì sí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọlọ́dún méjì sì ti fi ìka ti àárín kónù lẹ́ẹ̀kan. Férémù rẹ̀ ni mo fẹ́ kàn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, pákó rẹ̀ wà nílẹ̀.